Ohun Tí Etí Òsì Mi Ń Gbọ́

Ní ìlú tí mo ń gbé báyìí, èèyàn kì í pe èèyàn. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kí ara wọn bí wọ́n bá ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dúró ní òdìkejì títì, kí ó gbé ohùn sókè, kí ó máa pe orúkọ rẹ títí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò sí. Lọ́jọ́ tí mo dé Nọ́wè, mo rìn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé ilé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí, kò sí ẹnu kan tó pè mí. Mo rò pé bóyá ìlú náà ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Ẹni tó bá mọ Igolo, ìlú ẹnubodè wa, á mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ibi tí àwọn aṣọ́bodè fi okùn dí ọ̀nà títí dé ibi tí takisí ń dúró, bí ẹnikẹ́ni ò bá pè ọ́, a jẹ́ pé o ti kú, o ò tíì mọ̀ ni. Àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà á pè ọ́. Alábàárù á pè ọ́ kó tó fa ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ. Àwa ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, la tún wá burú jù, nítorí a máa ń pe ẹni tó dé àti ẹni tí kò tíì ronú pé òun fẹ́ lọ sí ibì kankan. Ẹni tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, a ó fún un ní ọ̀kan. Mo gun ọ̀kadà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, etí mi ni mo sì fi ń jẹun, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìpè ló ń gbé èrò.

Ìyá mi ló ti kọ́kọ́ tọ́ etí náà. Nílé wa, wọn kì í pe ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá wà láàárín oko ẹ̀gẹ́ wa ní Tchaada, tí ó pè ọ́ láti ojú ọ̀nà, o gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó pa ẹnu dé, kí o sì máa sáré bọ̀ bí o ṣe ń dáhùn. “Ẹni tí a pè tí kò jẹ́,” ni ó máa ń wí, “kí ló fi sàn ju kùkùté lọ?” Mo bẹ̀rù kí n di kùkùté ju bí mo ṣe bẹ̀rù ebi lọ. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé kọjá òkun, òun náà ló sì fẹ́ ba ayé mi jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí àwọn tó wà ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Mo kí wọn dáadáa, mo tilẹ̀ tẹrí ba fún àwọn àgbà inú wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan bojú wẹ̀yìn kó lè mọ ẹni tí mò ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó rọra sún síwájú díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Kò bínú, àní ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ó sún. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkíni mi lẹ́nu, òtútù sì ń wọ inú eyín mi.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń la pákó. Igbó igi páìnì ló yí ìlú náà ká, igi gíga gbọọrọ tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á gé e, wọ́n á kó o wá, àwa á sì darí rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ náà kọjá sísọ. Inú egungun àyà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó tó wá dé etí.

Arne ni orúkọ ọ̀gá wa, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún mi ní ìbotí, ohun kan bí ìdajì àgbọn méjì tí wọ́n fi ọ̀pá so pọ̀. Ó wọ tirẹ̀ kí n lè rí i, ó ní, “Méjèèjì. Nígbà gbogbo.”

Mo wọ̀ ọ́. Gbogbo ayé pa rọ́rọ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àyà mi já. Bí bàbá yìí bá wá pè mí ńkọ́? Ṣé kí n kọ ẹ̀yìn sí àgbàlagbà tó ń pè mí, kí n máa ti igi bí ẹni tí kò ní ilé? Bí Arne ṣe yí padà báyìí ni mo ká ìbotí òsì sókè sí ẹ̀bá orí mi. Bó bá tún gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, á mi orí, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á bo etí mi padà. Èmi á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.” Kó tó rìn dé ìdí ẹ̀rọ kejì, mo ti tún ká a sókè. Ó rò pé olórí kunkun ni mí. Kò mọ̀ pé òun ni mò ń bu ọlá fún.

Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé Arne kò pè mí rí. Bó bá ń wá ẹnì kan, ṣe ló máa ń rin gbogbo gbọ̀ngàn náà já, á yípo kí o lè rí i, lẹ́yìn náà á fi ìka kan èjìká rẹ. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lo ọdún kan gbáko pẹ̀lú etí ṣíṣí, mò ń dúró de ìpè láàárín àwọn tí kì í pe èèyàn.

Mi ò lè ní n kò rí ire kankan lọ́dún náà. Lọ́jọ́ kan, Arne yẹ pákó tí mo tò wò, ó ní, “Bra,” ìyẹn ni pé ó dára. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré. Mo gbé e délé bí ẹni gbé ẹran iléyá, mo pe àwọn ará ilé wa ní Ifangni, mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì patẹ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, àwàdà kan yé mi nínú èdè wọn, mo sì rẹ́rìn-ín lákòókò tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá tíì rẹ́rìn-ín láàárín àwọn èèyàn lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti rín tiwọn tán, kò lè mọ bí ìyẹn ti tó.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yàrá mi ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ fún ohùn lásán. Ọ̀sán Sátidé kan ni mò ń mu gaàrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́, mo pa rédíò kí n lè gbádùn rẹ̀, ni mo bá gbọ́ ọ ní etí òsì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ gbọọrọ, kò sì dúró. Etí mi ń hó.

Inú mi dùn! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú mi dùn ni. Nílé wa, bí etí bá hó, ẹnì kan ń dárúkọ ẹni níbì kan nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Tíṣà wa pàápàá ní ilé ìwé Ifangni, tí kì í gba ohun tí kò sí nínú ìwé gbọ́, máa ń fi Faransé sọ pé etí òun ń súfèé, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òun ní ọ́fíìsì. Mo gbé fóònù lójú ẹsẹ̀. Sìkírá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wa, ló gbé e.

“Alô?”

“Sìkírá, ta ló ń dárúkọ mi níbẹ̀ yẹn?”

“Hẹn! Ta ló sọ fún ẹ? Maman ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ báyìí ni, vraiment! Ó ní adìẹ tó o fi sílẹ̀ ti ń sàba.”

“Etí mi ló hó.”

Mo gbọ́ tó ké sí ìyá wa: “Màámi! Ó gbọ́ yín o! Etí rẹ̀ hó ní Norvège!” Ni ariwo bá sọ nínú ilé. Àwọn ará ilé kejì wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà di etí mi mú ní ìhín, omi ń bọ́ lójú mi. Gbogbo agbami òkun yẹn, gbogbo aṣálẹ̀ yẹn, orúkọ mi gba orí wọn kọjá, ó sì mọ etí tí yóò wọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti hó, mo ti pè. Wọn ò sì já mi kulẹ̀ rí, torí lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi, ìgbà wo ni wọn kì í sọ ọ́? Nígbà tó yá, híhó náà kò dúró mọ́. Mo jí bá a, mo sùn tì í. Ọlọ́gbọ́n á ti bẹ̀rù. Èmi ní ìfẹ́ ni, pé àárò mi ń sọ wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò wá jẹ́ fi nǹkan kan bo etí òsì yẹn mọ́, kí n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn mi.

Ohùn ìyá mi ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo gbé fóònù sí etí òsì, bí mo ṣe máa ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì tínrín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Mo ní, “Màámi, réseau fóònù yín ò dáa.” Ó ní réseau dáa. Mo gbé e sí etí ọ̀tún, ó sì wà níbẹ̀, ìyá mi odidi, pẹ̀lú ìkọ́ rẹ̀ àti ìró ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo tún dá a padà sí òsì. Ó tún lọ.

Láìpẹ́ sí i, ọkọ̀ tó ń kó pákó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ lápá òsì mi ní ilé iṣẹ́. Ó ń ké kí a yàgò, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Èmi kò gbọ́. Arne ló fa kọ́ọ̀tù mi látẹ̀yìn tí a jọ ṣubú lé ìyẹ̀fun pákó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí bàbá náà pariwo. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí nílẹ̀, ó ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ etí mi wò.

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó fi mí sínú yàrá kóńkóló kan tí kò sí ìró kankan nínú rẹ̀, ó ní kí n na ọwọ́ bí mo bá gbọ́ nǹkan. Ọwọ́ mi wà nílẹ̀ pẹ́ títí. Nígbà tí mo jáde, ó dárúkọ ohun tó ń ṣe mí: “Øresus.” Ó ní ariwo ẹ̀rọ ló fà á. Nínú etí, àwọn ohun kan wà bí irun wẹ́wẹ́ tó ń mì bí ìró bá kàn wọ́n. Àwọn tó ti wó lulẹ̀ nínú tèmi kò ní dìde mọ́.

“Tí wọ́n bá ti wó,” mo ní, “ta ló wá ń pariwo?”

“Kò sí ẹnì kankan. Ọpọlọ rẹ ni. Ó ń wá ìró tí kò rí gbọ́ mọ́. Nígbà tí kò rí i, ó ń dá tirẹ̀ sílẹ̀.”

Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Inú agbárí èèyàn lásán-làsàn, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàárò ohun tó pàdánù, tó ń ṣe àfarawé rẹ̀ kó lè rí nǹkan gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, ẹnu sì yà mí, ìgbà tó sì yá ni ìbànújẹ́ náà wá dé. Kò sí ẹnì kankan. Láti gbogbo oṣù yìí wá, kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Dókítà náà ní bí mo bá bo etí méjèèjì délẹ̀délẹ̀, agbára ìgbọ́ràn tó ṣẹ́ kù kò ní lọ. Bí mi ò bá bò ó, á lọ, iṣẹ́ mi náà á sì lọ. Mo padà lọ dán an wò nílé. Mo bo méjèèjì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, híhó náà nìkan ló kù, ó gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Mi ò lè fara dà á. Mo bọ́ ọ sọ nù sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́rú, mo lọ sí yàrá ìkàwé ìlú, níbi tí ìyá arúgbó kan, Ragnhild, tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ti ń kọ́ àwa àlejò ní èdè. Èmi ń pè é ní Màmá Ragnhild. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun kò bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé n kò ní jáwọ́, ó gbà bẹ́ẹ̀. Mo bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí dókítà fi sí mi lára. Dípò kó dá mi lóhùn, ó gbé kọ́ọ̀tù rẹ̀ wọ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ẹ̀yìn ilé ìkàwé náà ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. A dúró láàárín àwọn igi páìnì. Ó gbé ìka sókè, ó ní, “Lytt.” Gbọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo ewé abẹ́rẹ́ yẹn sì mí lẹ́ẹ̀kan náà, ìró gígùn, jẹ́jẹ́, tó ń ti òkè bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n! Irú rẹ̀ ni igi filáò ẹ̀yìn ilé ìwé wa máa ń mí ní ìgbà ọyẹ́.

“Ìyẹn ni sus,” ni Màmá Ragnhild wí. “Øre ni etí. Afẹ́fẹ́ igbó ló wà ní etí rẹ.”

Ó ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Jámánì wakọ̀ ojú omi wá láyé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá dé. Ṣùgbọ́n ṣáájú wọn, ó ní, kò ní baba mìíràn ju ìró náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnì kan dúró nínú igbó, ó gbọ́ afẹ́fẹ́, ó sì fi ẹnu ṣe bó ṣe gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé tiwa ní í hó: omi inú ìkòkò ń hó, èrò ọjà ń hó, etí náà ń hó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di apá mi mú.

“Kí ni àwọn àgbà yín ní ó jẹ́, bí etí bá ń hó?”

“Pé ẹnì kan ń dárúkọ ẹni.”

Ó wò mí lójú. “Ohun tí ìyá ìyá mi náà máa ń sọ nìyẹn.”

Mi ò mọ bí ẹ̀yin ṣe máa gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n irun ara mi dìde. Obìnrin kan tó kú ní ilẹ̀ òtútù, tí kò gbọ́ orúkọ Ifangni rí, òun àti ìyá mi pín ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnikẹ́ni tí irun etí rẹ̀ bá wó, níbikíbi tó bá wà, kì í fẹ́ gbà pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wo àwọn igi náà. Mo ti ń là wọ́n láti ọdún tó kọjá, n kò sì dúró rí kí n gbọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Mo ronú sí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, tó ti ibòmíràn bá àwọn oníṣòwò sọdá ẹnubodè, tí gbogbo wọn wá ń lò báyìí láìsí ẹni tó bi í pé ọmọ ibo ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rò ó pé mo lè pẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbotí kò tíì tán. Arne fẹ́ kí n padà sídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ajé, etí méjèèjì ní bíbò. Ní ọjọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi, etí ọ̀tún ni mo fi gbọ́ ọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi bò. Mo ní híhó náà kì í ṣe ìpè o. Àìsàn ni. Dókítà ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo gbọ́ tí Sìkírá ń sọ pé, “Màámi, kí ló wí?” Mo rò pé mo ti ba ọkàn ìyá mi jẹ́.

“Màámi, bí mo bá bo etí méjèèjì, tí ẹ bá wá dárúkọ mi, mi ò ní gbọ́ o. Ẹ má bínú.”

“Ìwọ ọmọ yìí,” ìyá mi ní, “bí mo bá fẹ́ pè ọ́, ṣé mi ò ní fóònù ni?”

Sìkírá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìyá mi gbọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ohùn mi, ó sì rẹ tirẹ̀ sílẹ̀.

“Gbọ́, ọkọ mi. Bí mo bá kírun àárọ̀ tán, orúkọ rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ dá. Ojoojúmọ́, láti ọjọ́ tó o ti lọ. Ṣé o rò pé ìwọ ni mò ń pè? Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún ti gbọ́. Lọ bo etí rẹ.”